Ògbufọ̀ Tó Ń Gé Ọ̀rọ̀ Máníjà Kúrú

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹni tó mọ bí a ti í fojú tín-ín-rín wo èèyàn, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Kó yà sí ilé ìfọṣọ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, kó béèrè Ògbufọ̀. Obìnrin náà á kí i dáadáa, á béèrè ara, á béèrè ọmọ, àmọ́ kó tó parí ìkíni, ojú rẹ̀ á ti wọn onítọ̀hún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á sì ti gbé e sí ààyè rẹ̀. Ààyè ọ̀hún kì í sì í ga.

Èyí tó wá rẹ̀ sílẹ̀ jù lójú rẹ̀ ni máníjà. Kì í ṣe pé máníjà burú. Kì í pariwo mọ́ni, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í wo obìnrin ní ìwòkuwò. Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà. Ọkùnrin náà ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra kó má ti àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́ láàárín. Bí òjò bá rọ̀, á ní ajá àti ológbò ló ń rọ̀. Bí ẹnì kan bá fi kíkó aṣọ falẹ̀, á ní bọ́ọ̀lù ti wà ní ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀, á ní kí wọ́n fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì. Ẹyẹ wo, nínú ilé tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ní nẹ́ẹ̀tì?

Ògbufọ̀ mọ gbogbo wọn, kò sí èyí tó ṣàjèjì sí i. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ wọn pa. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ àkànlò èdè méjì méjì sójú pátákó láràárọ̀, tí àwọn ọmọ á dà á kọ, tí wọ́n á há a sórí, tí wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí agogo ọ̀sán tó lù. Àgbàlagbà tó wọ táì wá dúró níwájú rẹ̀ báyìí, ó ń fi ohun tí ọmọ ọdún mọ́kànlá ti jẹ tì ṣe fàájì. Lọ́jọ́ kan tí dúrọ́ọ̀ máníjà ṣí sílẹ̀, ó rí ibi tó ti ń bu ọ̀rọ̀ náà: ìwé pẹlẹbẹ kan tí èèpo rẹ̀ ti re, ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ àwọn tó ti lò. Ògbufọ̀ rọra ti dúrọ́ọ̀ náà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n gọ̀ tó báyìí," ló wí nínú ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn di ìrọ̀lẹ́.

Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyí. Apá méjì ni ilé ìfọṣọ náà ní. Apá kan jẹ́ apá omi, níbi tí ẹ̀rọ ńláńlá wà, tí èèyàn mọ́kàndínlógún ti ń fi bàtà rọ́bà rìn nínú ìfófòó ọṣẹ. Apá kejì ni apá gbígbẹ, níbi tí àwọn obìnrin méjìlá ti ń dúró ti tábìlì gígùn, tí wọ́n ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń ká a ní ìká mẹ́rin-mẹ́rin, igun sí igun. Kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ju ìkíni àárọ̀ lọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ máníjà ò gbọ́ Yorùbá rárá. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, máníjà á kọ́kọ́ bá apá gbígbẹ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà á kọjá sí apá omi.

Òfin iṣẹ́ ògbufọ̀ ò lọ́jú pọ̀. Ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sọ ni kó sọ, kó má fi kún un, kó má yọ nínú ẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ní "mo", kí ògbufọ̀ náà ní "mo". Ògbufọ̀ fọwọ́ sí ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, ọdún kẹrin rèé. Àmọ́ ta ló fẹ́ dúró níwájú àwọn obìnrin tó gbọ́n kó máa pariwo ajá àti ológbò? Òun kọ́. Máníjà á sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ju ọwọ́, á gùnkè, á sọ̀kalẹ̀. Ògbufọ̀ á dúró dè é títí táá fi mí, á wá yíjú sí àwọn obìnrin. "Ó ní ẹ káàárọ̀. Ó ní kí aṣọ ilé ìwòsàn má pẹ́." Ó tán. Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ mu tíì, máníjà á sì máa yọ̀ bí ẹni tí àwàdà rẹ̀ dùn mọ́ wọn.

"Ìyàngbò ni ìyókù," ló máa ń wí fún wọn nídìí tíì. "Mo ti bá yín fẹ́ ẹ dànù. Ọkà ni mo gbé wá."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin méjìlá náà. Ọgbọ̀n ọdún ni Ẹ̀gbọ́n ti ń káṣọ nílé ìfọṣọ yẹn. Nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló gba àbúrò tọ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọlọ́bẹ̀ẹ́dì ló sì fi rán an dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí Ògbufọ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ máníjà yìí, orúnkún Ẹ̀gbọ́n ló san án. Orúnkún ọ̀hún ti ń dùn ún báyìí, òun fúnra rẹ̀ sì ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Bó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sí ibòmíràn tó máa gbà á, òun náà sì mọ̀. Láti bí oṣù mẹ́ta sì ni àhesọ ti ń lọ pé wọ́n á kó ilé ìfọṣọ náà lọ síbòmíràn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní gbogbo ọjọ́ Ajé, bí wọ́n bá ti tú ká, Ẹ̀gbọ́n á fa àbúrò rẹ̀ lápá. "Ṣé ó mẹ́nu ba ibi tí wọ́n fẹ́ kó wa lọ?"

"Kò mẹ́nu bà á. Bó bá sọ ọ́, ṣé mi ò ní sọ fún yín ni?"

"Ó kàn dà bíi pé ó máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́ ju bí o ṣe ń pẹ́ lọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ló gùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò gùn."

Ti apá omi wá ńkọ́? Ògbufọ̀ ló yẹ kó máa túmọ̀ níbẹ̀ náà, lórí owó oṣù kan náà. Àmọ́ bàtà rẹ̀ jẹ́ aláwọ, omi ibẹ̀ sì ti ba méjì jẹ́. Lẹ́yìn bàtà kejì, ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń bu ọṣẹ sínú ẹ̀rọ, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ọlọ́ṣẹ, ó ní kó máa bá òun ṣe é. Ọlọ́ṣẹ ò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ara páálí ọṣẹ àti ẹnu rédíò ló sì ti kọ́ ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́. Ó gbà á tọkàntọkàn. Ó ṣeni láàánú bó ṣe gbà á.

Bí Ọlọ́ṣẹ ṣe ń túmọ̀, kò sí ohun tó ń fò. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé kalẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹyin. Ògbufọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ pariwo borí ẹ̀rọ: "Máníjà ní erin ńlá kan wà nínú yàrá yìí! Ó ní kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀!" Ògbufọ̀ di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ó kó o lọ sídìí tíì, ó sín Ọlọ́ṣẹ jẹ, ó sín ohùn rẹ̀, ó sín bó ṣe ń na ọrùn, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ wo ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀," ló ń wí. "Ẹ wá wo ẹlẹ́rin."

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan. Máníjà gun orí àpótí tó máa ń gùn, àmọ́ kò ju ọwọ́ bó ṣe máa ń jù ú. Ó di táì rẹ̀ mú. Ó ní òun ò ní lu igbó yíká, ó sì lu igbó náà yíká fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ó ní ìwé ti wà lára ògiri. Ògbufọ̀ wo ara ògiri, kò rí nǹkan kan ju ìkìlọ̀ iná lọ. Máníjà ní ọkọ̀ ojú omi tí gbogbo wọn jọ wà nínú ẹ̀ ti ń mu omi, pé òun ti gbọ́n ọn títí, kò gbọ́n tán, ó máa rì. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ogún ìjókòó péré ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó wá kọ orúkọ lọ́dọ̀ òun kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ jókòó.

Ọkọ̀ ojú omi! Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àpò ìrọ̀rí mẹ́fà sọnù, ọkọ̀ ojú omi náà ló fà jáde. Oṣù tó ṣáájú, tí kẹ́tùlù bàjẹ́, ó ní inú ọkọ̀ kan náà ni gbogbo àwọn wà. Ọkùnrin tí kò tíì rí òkun rí, àfi nínú àwòrán! Etí Ògbufọ̀ gbọ́ ogún, ó gbọ́ ọjọ́ Ẹtì, ó gbọ́ kí wọ́n kọ orúkọ. Etí gbọ́, ọkàn ò gbà á wọlé. Ó ti ń ro bí òun ṣe máa sín in jẹ nídìí tíì.

Ó yíjú sí àwọn obìnrin. "Ó ní iṣẹ́ le lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní kí ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì."

Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló tún fà á lápá. "Ojú ọkùnrin yẹn korò lónìí o. Kí ló ṣe é?"

"Ọkọ̀ ojú omi ló tún ń wà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kó wà á lọ."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ará apá omi ń wọ ọ́fíìsì máníjà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jáde. Ògbufọ̀ rí wọn. Ó rò pé wọ́n ń lọ tọrọ àyè ni, bí irú wọn ṣe máa ń ṣe, kò sì da ara rẹ̀ láàmú.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó dé, àwọn obìnrin méjìlá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, níwájú bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó kí wọn. Ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda díẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda fún un bí ẹni tí ò fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ kan tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè bébà náà lọ tààrà, kò sí ẹyẹ nínú ẹ̀, kò sí ọkọ̀: ilé ìfọṣọ yìí máa kásẹ̀ nílẹ̀ lópin oṣù, àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ yìí ló ń bá ilé iṣẹ́ lọ sí ibùdó tuntun. Àwọn obìnrin náà ò lè ka ìyẹn, àmọ́ èèyàn kì í ṣàì dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀. Orúkọ mọ́kàndínlógún wà níbẹ̀, gbogbo wọn láti apá omi. Orúkọ kan péré, tó mú un pé ogún, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ Ògbufọ̀ ni.

Ọlọ́ṣẹ ló dé lásìkò yẹn, pẹ̀lú garawa ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti fẹ́ bá Ẹ̀gbọ́n yọ̀ kó tó rí ojú wọn.

"Kí ni máníjà sọ fún yín lọ́jọ́ Ajé tó kọjá?" Ẹ̀gbọ́n ló bi í.

"Ohun tó sọ fún ẹ̀yin náà ni, Ìyá. Ó ní ọkọ̀ ńlá ń rì. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan wà tó ní ogún ìjókòó, kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó wá kọ orúkọ kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Ìwọ mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

"Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n o. Mo kàn sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ni. Bàbá tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tútù ló ní kò sẹ́ni tó ń fi ojú bẹ́ẹ̀ yẹn sọ̀rọ̀ ọkọ̀ lásán. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ń rì, ibi tuntun ni ọkọ̀ kékeré. Kò pẹ́ tó fi yé gbogbo wa." Ó wo bébà, ó wo àwọn obìnrin náà, ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin ò kọ orúkọ ni?"

Obìnrin kan tó ń lọ aṣọ, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín jù nídìí tíì, ló yíjú sí Ògbufọ̀. Kò gbóhùn sókè. "Àwa méjìlá ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ ṣeun o, Àǹtí. Ọkà yín dùn."

"Mi ò kọ orúkọ mi síbẹ̀," ni Ògbufọ̀ wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò kọ ọ́. Máníjà ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ pé... Mo rò pé àsọdùn rẹ̀ ni. Ìyàngbò ni mo pè é."

"Ta ló ní kó o máa bá wa fẹ́ ẹ?" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ògbufọ̀ yíjú sí bébà náà.

"Mo bi ọ́. Ta ló bẹ̀ ọ́? Kó o gbé e wá tòun tèèpo, a ní ọwọ́, a ní eyín, a ó bó o fúnra wa. Ohun tó bá wúwo lẹ́nu èèyàn ló ń fi òwe gbé. Ìyá tó bí èmi àtìwọ, ṣé ó pe ikú bàbá wa ní ikú lọ́jọ́ tó kú? Ó ní òkè ti ya. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìwọ wá dúró síbẹ̀, o rò pé ọkọ̀ tó ń rì ju agbára mi lọ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ìwọ ò tiẹ̀ fún wa ní àbọ̀. Máníjà kọ́ lò ń fojú tín-ín-rín wò láti ọjọ́ yìí. Àwa ni."

Ojú ti Ògbufọ̀ débi pé ó ń wo bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó wò ó pẹ́. "Ṣíwájú. A ń lọ bá a. Wàá bá mi sọ fún un pé mi ò gbọ́."

Inú ọ́fíìsì máníjà kéré, ó sì gbóná. Ẹ̀gbọ́n jókòó, Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, kò yára, kò sunkún. Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni òun ti wà níbẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjókòó kankan, àwọn mọ́kànlá yòókù náà ò gbọ́. Ó ní kí máníjà ṣe bíi ti Ọlọ́run. Ògbufọ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Mo ti pẹ́ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ìjókòó." Ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti ní òun ò gbọ́, ó fò ó.

Máníjà nu ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá lọ geere, kò ya ibì kankan. Ó bi Ògbufọ̀, ó nàka sí i: ṣé àwọn obìnrin náà gbọ́ ohun tí òun sọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, àbí wọn ò gbọ́? Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n sì dákẹ́, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Àmọ́ bí wọn ò bá gbọ́, ẹ̀bi ilé iṣẹ́ ni, òun lè ya ìwé náà kí òun tún un kọ. Ó ní kó rò ó dáadáa kó tó dáhùn, torí pé ògbufọ̀ tí kò bá sọ ohun tí òun sọ, òun ò lè mú un lọ síbi tuntun.

Ó yẹ kí ó rọrùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ẹni tó fi orúnkún rẹ̀ rà á nílé ìwé. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ojú táì yẹn ló ń wò, ìwé pẹlẹbẹ yẹn ló ń rò, pé ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni òun ti máa jẹ́wọ́ pé òun ò mọṣẹ́ òun. Ẹnu rẹ̀ là. "Wọ́n gbọ́," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Máníjà mi orí. Ó ní ó ṣeni láàánú.

Ògbufọ̀ yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Ó ní àyè ti kún."

Ẹ̀gbọ́n ò dìde. "Ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ jùyẹn lọ," ló wí. "Ó nàka sí ọ. Ó bi ọ́ ní nǹkan. Kí ló bi ọ́?"

"Kò bi mí ní nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n di etí tábìlì mú, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Ọlọ́ṣẹ. Ọlọ́ṣẹ wọlé tòun ti bàtà rọ́bà, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. "Bá mi bi ọ̀gá," ni Ẹ̀gbọ́n wí fún un, "kí ló bi àbúrò mi, kí ni àbúrò mi sì fi dá a lóhùn?"

Ọlọ́ṣẹ to Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jọ, ó kó o kalẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Máníjà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ọlọ́ṣẹ yíjú padà. "Ọ̀gá ní, 'Mo bi í bóyá ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ẹ gbọ́.'"

Ẹ̀gbọ́n ò wo àbúrò rẹ̀. "Sọ fún un pé n kò gbọ́. Sọ fún un pé ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé kí á fọwọ́ sowọ́ pọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì."

Ọlọ́ṣẹ sọ ọ́. Máníjà bi Ògbufọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ògbufọ̀ ní òótọ́ ni. Kò sí ibi tó tún lè sá sí.

Máníjà mú ẹ̀dà ìwé náà lórí tábìlì, ó fa ìlà pupa sórí orúkọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó wá bá Ọlọ́ṣẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọlọ́ṣẹ gbọ́ ọ, ó túmọ̀ rẹ̀. "Ọ̀gá ní, 'Mo máa tún ìwé kọ. Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Orúkọ yín máa wọlé, Ìyá. Ẹni tí ọdún ẹ̀ kéré lè jábọ́.' Ó ní, 'Ìwọ tó ń túmọ̀ yìí wà lára àwọn tó lè jábọ́.'" Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ògbufọ̀ ń retí ibi tó máa gé e kúrú, kò gé e.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan Ọlọ́ṣẹ léjìká. "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ku ẹyọ kan. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé àbúrò mi ni. Sọ fún un pé èmi ni mo tọ́ ọ, bó bá bàjẹ́, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Kó má lé e."

Ọlọ́ṣẹ fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń tiro bẹ̀ ẹ́. Ògbufọ̀ dúró síbẹ̀, wọ́n ń bá a bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ò lè gba máàkì méjì nínú mẹ́wàá. Máníjà gbọ́ ọ tán. Ó wo Ògbufọ̀, ó sì dáhùn. Àkànlò rẹ̀ ti padà sẹ́nu rẹ̀, ó tò wọ́n léra wọn. Ògbufọ̀ gbọ́ ọ délẹ̀ kí ó tó mí.

Ọlọ́ṣẹ la ẹnu, Ẹ̀gbọ́n dá a dúró. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ. Kí ló sọ?"

Ògbufọ̀ dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti dúró, ó ká ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu máníjà sọ̀rọ̀.

"Èso kan tó bá rà nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ìyókù ló ń bà jẹ́," ló wí. "Àbúrò yín ti bu ọwọ́ tó ń bọ́ ọ ṣán. Ó ti dáná sun afárá tó yẹ kó gbà padà. Mo mọ̀ pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́rin, mo sì rò pé ẹ̀yin náà ló ń bá a rín in. Mi ò lè mú un lọ."

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

Ẹ̀gbọ́n mú báàgì rẹ̀ lórí àga. "Ọdún kẹrin rèé tí ọkùnrin yìí ti ń bá wa sọ̀rọ̀," ló wí. "Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn ẹ̀."